Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Iná Mànàmáná: Ojúṣe Ọmọ, Ọ̀gá àti Onídùúró

Ní àkókò tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, agogo méje alẹ́ ni ẹ̀rọ amúnáwá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí ó bá ti ké, gbogbo wa a hó yèè, a ó sì gbé ìwé wa lọ sí kíláàsì fún ìkàwé alẹ́. Ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, iná yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì láti kìlọ̀ fún wa, lẹ́yìn náà òkùnkùn yóò bo gbogbo ọgbà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń bójú tó iṣẹ́ yìí. Bàbá Oníná ni à ń pè é. A mọ orúkọ gbogbo olùkọ́ wa, a mọ orúkọ àwọn ìyàwó wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó béèrè orúkọ Bàbá Oníná rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ tí a fi ń ríran kàwé.

Ọkùnrin náà sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ nǹkan fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ báyìí àti fún àwọn òbí wọn. Wọ́n rò pé iṣẹ́ àlùfáà ni a óò kọ̀wé lé lórí. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ṣẹ́, pàápàá jù lọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná, nítorí pé gbèsè kan wà lọ́rùn wa lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀ kí a tó máa kọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí a wà ní ìjọ kan ní ìlú kékeré kan, opó kan nínú ìjọ náà mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá wa. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ọ̀nà wọlé, owó ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò sì tó fún ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé iṣẹ́ iná wu òun. A bá wọn wá ọ̀gá kan. Ní ọjọ́ tí a fa ọmọ lé e lọ́wọ́, a gbé páálí mínírà kan lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí onídùúró, a gbàdúrà, a sì padà sílé. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá, a kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ti rán ọmọ náà nìkan lọ tún iná ilé oníbàárà kan ṣe. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé àwọn ti pa iná. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Ó ti pa iná Nẹ́pà lóòótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé aládùúgbò tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ amúnáwá kan náà ti tan ẹ̀rọ ọ̀hún, iná sì ti gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Ọmọ náà kò dán wáyà wò kí ó tó dì í mú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbà là.

Ìyá rẹ̀ kò bá wa jà. Ó kàn wò wá, ó ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò ní etí wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi yé àwọn òǹkàwé wa: ilé-ẹ̀kọ́ gidi ni ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì lè sọ ọmọ di oníṣẹ́ iná tí ó pegedé, bí ọmọ, ọ̀gá àti onídùúró bá ń ṣe ojúṣe wọn láti ọjọ́ àdéhùn títí di ọjọ́ òmìnira.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ibi ìsádi àwọn tí ìwé kọ̀

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni èrò pé ẹni tí orí rẹ̀ kò gba ìwé ni a ń fi sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, ọ̀nà yìí ni alágbẹ̀dẹ, agbẹ́gilére àti ahunṣọ fi ń sọ ọmọ di ọ̀gá. Àwọn míṣọ́nnárì pàápàá kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé nídìí ẹ̀rọ wà lára àwọn tí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ wọn jáde.

Nínú ìwé Ẹ́kísódù, Besaleli wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí a sọ nípa wọn pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún. Kì í ṣe wòlíì, kì í sì í ṣe ọba. Oníṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi ni. Orí 35 ìwé náà fi ohun kan kún un tí a kì í sábà wàásù lé lórí: Ọlọ́run fi í sí ọkàn òun àti Oholiabu láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀bùn iṣẹ́ àti ẹ̀bùn kíkọ́ni ní iṣẹ́ wá láti ọwọ́ Olúwa kan náà. Ọ̀gá tí ó ní ti àkọ́kọ́ tí kò ní ìkejì kò tíì pé ní ọ̀gá.

Iná mànàmáná fúnra rẹ̀ jẹ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní gbèsè ọpẹ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Michael Faraday, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1791. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ kò tó nǹkan. Ní ọdún 1805, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìdìwé lọ́dọ̀ George Riebau ní London, ó sì lo ọdún méje níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á láàyè láti máa ka àwọn ìwé tí ń gba ọwọ́ wọn kọjá, inú wọn ni ó sì ti kà nípa iná mànàmáná. Ní ọdún 1831, Faraday ṣàwárí pé bí a bá mú irin òòfà rìn nínú wáyà tí a ká róbótó, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Orí ìmọ̀ yìí ni ẹ̀rọ tí ń ké lẹ́yìn ilé ìdáná wa dúró lé. Ọmọ náà ní làákàyè, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Wíwá ọ̀gá àti kíkọ ìwé àdéhùn

Kí a tó fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí a lọ bá ọ̀gá náà níbi iṣẹ́, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìkan. Kí a wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀: ṣé bàtà ni wọ́n wọ̀ tàbí sílípáàsì? Kí a wo ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀: ṣé inú àpótí ni wọ́n so ó sí dáadáa, tàbí wọ́n kàn lọ́ ọ pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá wé e? Kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn báyìí. Ọ̀gá rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ìwé àdéhùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ iye owó nìkan. Ó yẹ kí ó sọ iye ọdún. Mẹ́ta sí márùn-ún ni ó wọ́pọ̀, ó sì lè dín kù fún ẹni tí ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó yẹ kí ó sọ ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, ẹni tí yóò bọ́ ọmọ ní ọ̀sán, ọjọ́ ìsinmi, àti ẹni tí yóò san owó ìwòsàn bí ọmọ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kí ó sọ pé ọ̀gá yóò yọ̀ǹda ọmọ fún ìdánwò. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò ní rán ọmọ nìkan lọ síbi iṣẹ́ títí ọ̀gá yóò fi jẹ́rìí sí i pé ó tó bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan ni èyí, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé tí àwa fọwọ́ sí.

A mọ̀ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ọmọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ó sì gbé àpò irinṣẹ́ ọ̀gá kì í ṣe ìyà. Ṣùgbọ́n bí odindi ọdún kan bá kọjá tí ọmọ kò mọ̀ ju kí ó pọn omi sílé ọ̀gá, kí ó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, a jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni a mú lọ, kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ohun tí ọdún kọ̀ọ̀kan ń kọ́ni

Ọdún kìíní jẹ́ ti ọwọ́ àti ojú. Ọmọ yóò mọ orúkọ irinṣẹ́, yóò máa gbẹ́ ògiri, yóò máa gé páìpù, yóò sì máa tẹ́ ẹ. Ibí ni yóò ti mọ̀ pé iṣẹ́ iná ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ilé. Bí ilé bá jẹ́ alájà, páìpù ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré sí i.

Ọdún kejì jẹ́ ti wáyà. Wáyà 1.5 ni a sábà ń fà fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 tàbí 6 fún ẹ̀rọ amúlétutù ńlá àti sítóòfù oníná. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni ìwọ̀n ìnípọn bàbà inú wáyà. Bí a bá gbé ẹrù ńlá lé wáyà tín-ín-rín, yóò gbóná, iná ilé yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú ògiri níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Ọmọ yóò kọ́ àwọ̀ wáyà pẹ̀lú. Nínú àwọn ilé àtijọ́, pupa ni láìfù tí ń gbé iná wọlé, dúdú ni nútírà tí ń gbé e padà, àwọ̀ ewé sì ni áàtì tí ó lọ sínú ilẹ̀. Nínú ìlànà tuntun, láìfù ti di àwọ̀ ilẹ̀, nútírà ti di búlúù, áàtì sì jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà òféèfèé. Ẹ kíyè sí ewu ibẹ̀: nínú ìlànà tuntun yìí, níbi tí iná bá ti jẹ́ onílà mẹ́ta, dúdú ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé iná wọlé. Ẹni tí ó bá gbọ́kàn lé àwọ̀ nìkan lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ọdún kẹta jẹ́ ti òye. Ọmọ yóò mọ̀ pé láìfù ni súìṣì gbọ́dọ̀ gé, kì í ṣe nútírà. Bí a bá gbé e sórí nútírà, gílóòbù yóò kú bí a bá pa á, ilé yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà ní ẹnu ibi tí a ń fi gílóòbù sí, yóò sì mú ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Yóò kọ́ bí a ṣe ń to bíréékà sínú àpótí tí ń pín iná káàkiri ilé. Yóò kọ́ ìdí tí a fi ń ri ọ̀pá áàtì mọ́lẹ̀: bí iná bá kan ara fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù, ọ̀nà tí ó rọrùn gbọ́dọ̀ wà fún un láti sá wọ ilẹ̀, kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá.

Ọdún kẹrin jẹ́ ti wíwá àrùn iná, iná onílà mẹ́ta, ẹ̀rọ amúnáwá, ìnfátà àti sólà. Ọmọ yóò mọ̀ pé páálí sólà kò ṣeé pa bí a ti ń pa gílóòbù. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn sí i, iná wà lẹ́nu wáyà rẹ̀. Yóò kọ́ iṣẹ́ ṣéńjì-ófà, èyí tí kì í jẹ́ kí iná Nẹ́pà àti ti ẹ̀rọ amúnáwá wọ ilé pọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ilé tí ọmọ opó nì ti fara pa nìyẹn, tí kò sì sí níbẹ̀.

Bí oníṣẹ́ iná kì í ṣeé kú

Mànàmáná ojú ọ̀run ni àwọn baba wa fi pe iná yìí, orúkọ náà sì fi hàn pé wọn kò fi ojú kékeré wò ó. Iná ilé wa jẹ́ fóòtì 230. Gílóòbù wọ́ọ̀tì 60 kan ń fa nǹkan bí 260 mílíáńpíà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi sínú àpótí iná, tí wọ́n ń pè ní RCD, láti gba ẹ̀mí ènìyàn là. Èyí tí a sábà ń lò nínú ilé yóò gé iná bí 30 mílíáńpíà péré bá ṣì ọ̀nà. Ìyẹn ni pé iná tí gílóòbù kan ṣoṣo ń lò ju ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí a ti kà sí ewu fún ara ènìyàn. Ẹni tí ó ní, "Iná gílóòbù lásán ni," kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Nítorí náà ìlànà kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ó pa iná fúnra rẹ̀, kí ó má gba ẹnu ẹlòmíràn gbọ́. Kí ó yọ fíúsì sínú àpò, tàbí kí ó ti bíréékà pa, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án padà. Kí ó béèrè bóyá ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ìnfátà wà. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ohun ìdánwò rẹ̀ kan ibi tí ó dájú pé iná wà, láti mọ̀ pé ohun ìdánwò náà ń ṣiṣẹ́. Kí ó fi kan wáyà tí ó fẹ́ mú. Kí ó sì tún fi kan ibi àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìdánwò náà, nítorí tẹ́sítà tí ó ti kú yóò sọ fún un pé wáyà kò ní iná. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí iná bá sì mú ẹnìkejì rẹ̀, kí ó má fi ọwọ́ fà á. Kí ó gé iná lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó fi igi gbígbẹ tì í kúrò.

Ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí

Òmìnira láti ọwọ́ ọ̀gá dára, ṣùgbọ́n ní ayé òde òní kò tó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe ìdánwò tí a mọ̀ sí Trade Test. Ipele kẹta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ sí ìkejì, a ó sì dé ìkíní. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ni ìdánwò náà wà fún. NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí ó gba ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọjá. ITF, tí ó ti wà láti ọdún 1971, ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ni ó ń bójú tó ààbò iṣẹ́ iná, òun náà ni ó sì ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe iná ní ìwé àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í sábà gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní kíláàsì, ẹ má ṣe sọ pé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ óò lọ, kí ẹ wá pa ìṣirò àti físíìsì tì. Ìṣirò ni a fi ń mọ wáyà tí yóò gbé ẹrù. Físíìsì ni ó ń sọ ìdí rẹ̀.

Ojúṣe onídùúró

Nígbà tí ọwọ́ ọmọ opó náà san, ó ní òun kò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n ó gbà. A wá ọ̀gá mìíràn, a kọ àdéhùn mìíràn, a sì tún fọwọ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a kì í sì í gbé nǹkan kan dání ju ìbéèrè mẹ́ta lọ: Kí ni o kọ́ ní oṣù yìí? Ta ni ó wà pẹ̀lú rẹ lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé o dán an wò kí o tó mú un? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá náà rò pé à ń ṣọ́ òun. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ní ìbéèrè kẹta yẹn.

Ọmọ náà gba òmìnira, ó sì yege nínú Trade Test. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá mú ọmọ tuntun wá, kí ó tó fi irinṣẹ́ kankan hàn án, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń nà sí i pé kí ó wò.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kò nira. Lọ́dọọdún, a máa ń ka orúkọ àwọn tí ó wọ yunifásítì, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kí a wá àwọn tí ó lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti dúró fún ọmọ kan, kí ó sì máa yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Owó lè tẹ̀ lé e; Sátidé kan lóṣù ni a kọ́kọ́ ń tọrọ.

Ẹ̀bẹ̀ kejì kéré sí èyí. A ti wádìí lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ Bàbá Oníná. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ṣáájú wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá mọ̀ ọ́n, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú, kí a lè kọ ọ́ sínú ìwé àjọ̀dún tí ń bọ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn olùkọ́ wa.